Kànga ń gbẹ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́: bóòhóòlù ni àbí omi òjò? Ilé ènìyàn mẹ́fà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ỌmọÌkọ̀lé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé kan wà ní Ìkọ̀lé, ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé ibẹ̀. Páànù orí rẹ̀ gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10. Kànga wọn máa ń gbẹ láti ìparí Ṣẹ́rẹ́ títí dé ìparí Ẹrẹ̀nà. Àwọn kan ní kí wọ́n gbẹ́ bóòhóòlù, àwọn mìíràn ní omi òjò ni kí wọ́n máa gbà. Èwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé? Tí wọ́n bá sì rí omi náà, báwo ni wọ́n ṣe máa ṣọ́ ọ lò tí kò fi ní tán kí ẹ̀ẹ̀rùn tó kúrò nílẹ̀?

Agbẹ́kànga_Ìkẹ́rẹ́:

Kí a tó dárúkọ bóòhóòlù rárá, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Orí àpáta líle ni ilẹ̀ Èkìtì jókòó lé. Ẹni tó bá ti rí òkè àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ti fojú ara rẹ̀ rí i. Níbi tí àpáta kò ti yọ síta, ó wà nísàlẹ̀. Àpáta tó dì kì í gba omi sára. Ibi méjì péré ni omi ń sá pamọ́ sí: inú erùpẹ̀ àti àpáta jíjẹrà tó bo àpáta líle náà lórí, àti inú ojú ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti là. Ti àkọ́kọ́ ni kànga àfọwọ́gbẹ́ ń fà, ti èkejì ni bóòhóòlù ń wá kiri. Ìdí nìyẹn tí bóòhóòlù méjì fi lè wà nínú ọgbà kan, kí ọ̀kan máa tú omi, kí èkejì gbẹ táútáú.

Ẹni tó bá máa gbẹ́ bóòhóòlù, kó kọ́kọ́ pe àwọn onísọ́fè. Irin mẹ́rin ni wọ́n máa ń kàn mọ́lẹ̀, wọ́n á rán iná gba abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sì wo bó ṣe ń kọjá. Ibi tó dì kì í jẹ́ kí iná kọjá, ibi tó là tó sì lómi ń jẹ́ kó kọjá. Owó sọ́fè kéré gan-an sí owó ihò tí kò lómi.

Kànga tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tíì pa á tì. Ẹ bèèrè oṣù tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ Òkúdù tàbí Ọ̀wẹwẹ̀, omi ti sún sókè nígbà náà, ó ti tan àwọn tó gbẹ́ ẹ jẹ, wọ́n á ti dáwọ́ dúró láìtíì dé ìsàlẹ̀. Ìparí Ẹrẹ̀nà ló yẹ kí a máa gbẹ́ kànga, nígbà tí omi ti wálẹ̀ jù lọ. Kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní mítà 1.5 sí 2 sí i nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n bá bá omi nígbà yẹn, kí wọ́n sì gbé ríìngì kọnkéré tó ní ihò lára sísàlẹ̀ kí ògiri má bàa wó. Tó bá jẹ́ àpáta dídì ni wọ́n bá nísàlẹ̀, kí wọ́n dáwọ́ dúró, owó lásán ni ìyókù.

Ohun kan tí n kò ní fojú fò: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ẹ̀rọ pọ́ǹpù tó ń lo bẹntiróòlù sínú kànga tàbí gbé e sí etí rẹ̀ nígbà tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá sáré wọlé láti gbé e jáde ló máa ń ṣìkejì òkú.

Gọ́tà_àti_Tánkì:

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Agbẹ́kànga yè kooro. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìṣirò kalẹ̀, ká lè rí ohun tí páànù yẹn ń dà sílẹ̀ lọ́dọọdún.

Tí òjò bá rọ̀ tó mílímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, lítà omi 1 ló jẹ́. Páànù mítà 12 sí 10 jẹ́ irú mítà níbùú lóòró bẹ́ẹ̀ 120. Òjò Èkìtì lọ́dún kan máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 1,300. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń gbẹ lórí páànù, tàbí tó ń fò kọjá gọ́tà: ó ku lítà 124,800. Òjò kan ṣoṣo tó bá tó mílímítà 20 ń fún wọn ní nǹkan bíi lítà 1,900. Omi ò wọ́n nílé yẹn. Ibi tí wọ́n máa kó o sí ni kò sí.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á fẹ́ fi omi òjò ṣe gbogbo nǹkan. Lítà 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ènìyàn 6, láti àárín Bélú dé ìparí Ẹrẹ̀nà tó jẹ́ ọjọ́ 135: lítà 16,200 nìyẹn. Owó tánkì á dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ pín omi sí méjì. Mímu àti sísè kì í ju lítà 5 lọ fún ẹnì kan. Fún ènìyàn 6, lítà 30 lójúmọ́ ni, 4,050 fún gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Tánkì lítà 5,000 kan gbé e, ó sì ṣẹ́kù. Ẹ fi àgádágodo sí ẹnu rẹ̀ láti ìparí Ọ̀wàrà, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ mọ́tò.

Kànga ni kí wọ́n máa fi wẹ̀, kí wọ́n máa fi fọ aṣọ títí á fi gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ, nǹkan bí ọjọ́ 60 ló kù. Lítà 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 90 lójúmọ́, 5,400. Tánkì lítà 5,000 mìíràn àti dúrọ́ọ̀mù lítà 200 méjì ti parí ìyẹn.

Nípa gọ́tà: páànù onígun méjì, tó dà sí ẹ̀gbẹ́ méjì, ni ó yẹ kó jẹ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba omi mítà níbùú lóòró 60. Òfin tí àwọn tó ń ṣe é ń tẹ̀ lé ni pé kí ojú inú gọ́tà, bí a bá gé e wò, fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró fún mítà páànù kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Páìpù ínṣì 6 tí a là sí méjì lóòró fún wa ní nǹkan bíi 88, ó ju 60 lọ dáadáa. Kí ó máa tẹ̀ sí ìhà tánkì ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 12 láti ìkángun kan dé èkejì. Kí ìkọ́ tó gbé e dúró wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 síra wọn. Tí ìkọ́ bá jìnnà síra ju bẹ́ẹ̀ lọ, gọ́tà á tẹ̀ ní àárín, omi á dúró níbẹ̀, ewé á jẹrà sínú rẹ̀, ẹ̀fọn á sì yé ẹyin sí i. Páìpù ínṣì 4 ni kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n irin bo ojú ibi tí omi ti ń wọ páìpù náà, kí ẹ sì gé ẹ̀ka máńgòrò tàbí àgbálùmọ̀ tó bá nà sórí páànù.

Ọ̀dọ́_Ìlawẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ìdọ̀tí orí páànù ńkọ́? Ìgbẹ́ aláǹgbá àti eruku ọyẹ́ ò kéré. Ṣé álọ́ọ̀mù tí àwọn ènìyàn ń jù sí i ò tó? Mo tún gbọ́ pé díẹ̀ nínú kẹrosíìnì máa ń lé ẹ̀fọn kúrò nínú tánkì.

Gọ́tà_àti_Tánkì:

Ìdọ̀tí páànù, ẹnu ọ̀nà la ti ń dá a dúró. Lítà omi tó kọ́kọ́ wá láti orí páànù ló ń gbé eruku àti ìgbẹ́ wá. Ìdajì lítà fún mítà páànù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ jẹ́ kó lọ kí omi tó wọ tánkì. Fún ẹ̀gbẹ́ mítà 60, lítà 30 nìyẹn. Páìpù ínṣì 6 gba lítà 17 àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i ní mítà kan, nítorí náà páìpù ìdúró tó gùn ní mítà 1.7 tó fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń so ó: páìpù tó ń bọ̀ láti gọ́tà dé ìsopọ̀ oníta mẹ́ta. Apá kan sọ̀ kalẹ̀ tààrà sínú páìpù ìdúró yìí, apá kejì yà sí tánkì. Ẹ fi bọ́ọ̀lù ike sínú páìpù ìdúró, kó kéré ju inú páìpù ínṣì 6 lọ, àmọ́ kó tóbi ju ẹnu òkè tí ẹ dín kù sí ínṣì 4 lọ. Omi ìdọ̀tí á kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù á léfòó, á dí ẹnu òkè, omi tó mọ́ á sì yà sí tánkì. Ní ìsàlẹ̀ ẹ fi ìdérí tó ṣeé tú sí, kí ẹ lu ihò mílímítà 2 sí 3 sí i, kí omi ìdọ̀tí lè máa kán jáde kí òjò mìíràn tó dé. Ohun méjì ló ń bàjẹ́ níbẹ̀. Ihò yẹn máa ń dí. Tó bá dí, páìpù á wà ní kíkún, ìdọ̀tí òjò tó tẹ̀lé e á wọ tánkì tààrà. Ẹ máa tú ìdérí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìkejì, àwọn kan máa ń lu ihò náà tóbi jù, omi á sì máa ṣàn dànù ní gbogbo ìgbà tí òjò ń rọ̀.

Òjò méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ. Òun ni yóò fọ páànù.

Ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Omi tí a máa mu ni. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni ẹ máa fi dí gbogbo ojú ihò tánkì, títí kan páìpù tó ń tú omi àkúnwọ́sílẹ̀ jáde. Tí tanwíjí bá ti wà níbẹ̀, ẹ wá ibi tí àwọ̀n ti ya.

NọọsiÌjerò:

Mo fẹ́ kí àbúrò wa Ọ̀dọ́ Ìlawẹ̀ fi ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù yìí sọ́kàn: álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, omi á sì mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àrùn. Omi tó mọ́ bí dígí lè gbé onígbáméjì. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi òjò tàbí ti kànga, yálà kó hó o títí yóò fi yí gùdùgùdù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tàbí kó lo kìlórììnì.

Ti kìlórììnì: omi afọṣọ-funfun lásán tí a kọ 3.5% sí lára, tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú. Ìdajì ṣíbí tíì kan fún kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tí omi rẹ̀ mọ́. Ẹ rò ó, ẹ bò ó, ẹ dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Tí omi bá ní ẹrẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun ìlọ́po mẹ́rin sẹ́ ẹ, nítorí ẹrẹ̀ ń jẹ agbára kìlórììnì. Ìgò tí ẹ ti ṣí tí ẹ sì gbé sí oòrùn kò ní agbára mọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kódà bó bá ṣì ń rùn.

Kànga tó ti gbẹ, tí wọ́n sì ti wọ̀ láti túbọ̀ gbẹ́ ẹ, ó gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu nínú rẹ̀. Ẹ wọn omi inú rẹ̀. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 2, ní nǹkan bíi lítà 1,570. Gírámù 120 lẹ́búlẹ́bú kìlórììnì oní 65% ló tó fún un. Ẹ po ó nínú báàkẹ́ẹ̀tì omi kan, ẹ jẹ́ kó rọ̀, ẹ da omi òkè rẹ̀ sí kànga yí ògiri ká, ẹ fi okùn àti garawa rò ó. Ẹ pa á tì fún wákàtí 12 sí 24. Lẹ́yìn náà ẹ fa omi náà dànù, jìnnà sí ọ̀gbìn àti sí odò, títí òórùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Sọ́kàwéè tàbí ṣáláńgá kò gbọdọ̀ wà ní mítà tó dín ní 30 sí kànga, kò sì gbọdọ̀ wà lókè rẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀ ti dà sílẹ̀ sí i. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ wa, èyí ṣòro, ilé ti fún pọ̀. Níbẹ̀, ẹ má mu omi kànga náà rárá, ẹ fi fọ nǹkan.

Àti àmù. Omi tó mọ́ tán, tí gbogbo ọwọ́ ilé ń ti ife bọ̀, kò mọ́ mọ́. Ẹ ra èyí tó ní ẹnu ẹ̀rọ.

Onípáìpù_Adó:

Ìṣirò Gọ́tà àti Tánkì dára, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ohun kan tí yóò jẹ gbogbo rẹ̀ run: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníjókòó. Tánkì ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé wa gba lítà 9. Ènìyàn 6, kí olúkúlùkù fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, lítà 270 ni. Lítà 90 lo ṣe ètò rẹ̀ fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí kànga bá ti gbẹ, ẹ ti ẹnu ẹ̀rọ tó ń wọ tánkì ìgbọ̀nsẹ̀. Omi tí ẹ fi ṣan aṣọ ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Fún ìtọ̀, lítà 2. Fún ìgbẹ́, lítà 5 sí 6, kí ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára láti òkè. Ẹni tó bá ń dà á díẹ̀díẹ̀ á lo garawa méjì, ìgbẹ́ á sì dúró sínú páìpù.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹ yẹ ẹ wò bóyá ó ń jò. Ẹ da ife zóbò kan sínú tánkì ẹ̀yìn, ẹ má fà á fún ogún ìṣẹ́jú. Tí àwo bá pupa, rọ́bà ìsàlẹ̀ tánkì ti gbó. Ó ń jò ní òru àti ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Rọ́bà náà kì í wọ́n, kò sì gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti pààrọ̀.

Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán ní ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń da nǹkan bíi lítà 20 nù lójúmọ́. Ìyẹn ni ìpín ẹnì kan nínú ìṣirò òkè yẹn! Ẹ ti omi láti orísun, ẹ fi sípánà tú orí ẹ̀rọ náà, ẹ fa ọ̀pá inú rẹ̀ jáde, wọ́ṣà rọ́bà wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú irú kan náà. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi ìka kan ibi tí wọ́ṣà ń jókòó lé nínú ẹ̀rọ. Tó bá ti jẹ tó sì gún ọwọ́, wọ́ṣà tuntun á ya láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀; ẹ kúkú pààrọ̀ gbogbo ẹ̀rọ náà.

Ti tánkì òkè: iná máa ń dé láàjìn, pọ́ǹpù á máa fa omi, gbogbo ilé á sùn, omi á máa ṣàn sí gọ́tà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fúlótì onísúwíìṣì tó ń pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi sí i. Tí ẹ bá ní bóòhóòlù, ẹ tún fi èyí tó ń pa pọ́ǹpù nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ sí i. Pọ́ǹpù abẹ́ omi tó ń yí láìsí omi á jóná.

Agbẹ́kànga_Ìkẹ́rẹ́:

Òótọ́ ni, ẹ sì ṣeun. Ilẹ̀ àpáta kì í tètè dá omi padà. Ẹ fà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ra pọ́ǹpù tó lágbára ju bí omi ṣe ń sun lọ, iyanrìn ni ẹ máa fà.

Alákùrọ̀_Ọ̀yẹ́:

Ẹ jẹ́ ká sọ ti oko ẹ̀yìnkùlé náà, torí ibẹ̀ ni omi tí a ti lò ń wúlò. Omi ìṣanrẹ́sì àti omi ìfọṣu, ẹ dà á sí ìdí ewébẹ̀ tààrà. Omi ọṣẹ yàtọ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó lọ, kì í ṣe orí tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú tí ẹ máa já lọ́la. Ẹ máa pààrọ̀ ìdí tí ẹ ń dà á sí, nítorí iyọ̀ inú ọṣẹ ń mú ilẹ̀ dì. Ẹ má kó o pamọ́ di ọjọ́ kejì, á rùn.

Kí ẹ tó bomi rin ohunkóhun, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ṣùgbọ́n kó má fara kan igi ọ̀gbìn náà kí ikán má bàa gùn ún. Ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bomi rin. Èyí tí ẹ bá bù ní ọ̀sán, oòrùn ló mu ún.

Ohun kan wà tó dára ju garawa lọ fún àwọn tó ń gbin tòmátì ní àkùrọ̀: ìkòkò amọ̀ tí a kò fi nǹkan dídán kùn. Ìsàn-Èkìtì ń mọ irú rẹ̀. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn láàárín igi tòmátì mẹ́rin, ẹ bu omi kún un, ẹ fi àwo dé e. Omi á máa rìn jáde láti ara amọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ sí, gbòǹgbò á sì wá a lọ. Omi ẹlẹ́rẹ̀ kò dára fún un, ó ń dí ara ìkòkò.

Àwọn tó ń fín oògùn apakoríko létí odò, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ó kéré tán mítà 30 sílẹ̀, kí ẹ sì fi igi àti ọparun ojú ìsun sílẹ̀ bó ṣe wà.

ỌmọÌkọ̀lé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù. Kí ni kí tánkì náà jókòó lé? Níbo sì ni omi àkúnwọ́sílẹ̀ máa lọ ní Ọ̀wẹwẹ̀ tí tánkì bá ti kún?

Gọ́tà_àti_Tánkì:

Lítà 5,000, tọ́ọ̀nù 5 ló wúwo. Tánkì ike gbọ́dọ̀ jókòó lórí kọnkéré tó tẹ́jú, tó gbòòrò ju ìdí tánkì lọ káàkiri. Ẹ má gbé e lé pákó tó ní àlàfo, ìdí rẹ̀ á rì sí àlàfo náà, á sì sán. Kí ojú kọnkéré ga tó sẹ̀ǹtímítà 50, kí garawa lè wọ abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹnu ẹ̀rọ kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lókè ìdí tánkì, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má bàa bá omi jáde. Ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ mìíràn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, òun ni ẹ máa ṣí lọ́dọọdún ní Ẹrẹ̀nà láti fọ inú rẹ̀.

Omi àkúnwọ́sílẹ̀: ẹ gbẹ́ kòtò mítà 1 sí mítà 1, jíjìn rẹ̀ mítà 1.5, ní mítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí kànga. Òkúta ńláńlá nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀, yanrìn líle lókè. Páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ á dà síbẹ̀, ilẹ̀ á sẹ́ ẹ, á sì rọra lọ bá omi kànga. Ẹ má da omi páànù sínú kànga tààrà.

Agbẹ́kànga_Ìkẹ́rẹ́:

Kí wọ́n parí gọ́tà kí òjò Igbe tó dé. Kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ bóòhóòlù sí iwájú títí wọ́n á fi rí bí kànga àti tánkì ṣe gbé ẹ̀ẹ̀rùn kan já. Kí wọ́n wá okùn kan, kí wọ́n so òkúta kékeré mọ́ ẹnu rẹ̀, kí wọ́n ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, kí wọ́n sọ ọ́ sínú kànga, kí wọ́n ka kókó tó gbẹ àti èyí tó tutù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á mọ ọ̀sẹ̀ tí omi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, wọ́n á sì mọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti ẹnu ẹ̀rọ ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn.